Kí Ọdún Tó Parí, Kí Ìdílé Oníṣòwò Jókòó Ka Ohun Tí Ó Ní

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé gbogbogbòò ti ìparí ọdún

Ẹgbẹ́ ní kí àwa tí a fi ọ̀rọ̀ òwò lé lọ́wọ́ mú ọ̀rọ̀ kan wá tí yóò ṣe ìlú ní àǹfààní. A gbìmọ̀ pọ̀, a sì fi ohùn ṣọ̀kan pé bí ó ti yẹ kí ìdílé tí ń ṣòwò parí ọdún ni kí a bá yín sọ.

Kò sí ẹni tí kò mọ bí a ti ń parí ọdún ní ilẹ̀ wa. A ń dá aṣọ, a ń ra adìẹ, a ń gba owó àjọ, a ń ṣe ìdúpẹ́, a sì ń kí ara wa láti ojúlé dé ojúlé. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára, a kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí ó parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ariwo ọdún yìí, ọ̀pọ̀ oníṣòwò a ti ìsọ̀ pa ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejìlá, wọn a sì tún un ṣí nínú oṣù kìíní, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú ilé béèrè ohun mẹ́ta wọ̀nyí: Ǹjẹ́ òwò yìí ń dàgbà ni tàbí ó ń rù? Ta ni ó ni ín? Bí ẹni tí ó ni ín kò bá sì jí lọ́la, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn?

Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ẹ rìn láti ọjà ọba títí dé ibùdókọ̀, ẹ ó rí ohun tí à ń wí. Ẹ ó rí ibi tí a ti ń la pákó tẹ́lẹ̀, tí koríko ti bo ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Ẹ ó rí ilé búrẹ́dì tí ààrò rẹ̀ ti tutù, àti ìsọ̀ aṣọ tí kọ́kọ́rọ́ ti dípẹtà lára ilẹ̀kùn rẹ̀. Kì í ṣe pé ọjà kò tà ní ìlú wa. Pákó ṣì ń tà, búrẹ́dì ṣì ń tà, a sì ń wọ aṣọ. Ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ó kú, tí ìṣirò iṣẹ́ náà sì bá a lọ. Orí rẹ̀ nìkan ni ó fi mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó, iye tí ó fi ra ẹ̀rọ, ibi tí ìwé ilẹ̀ wà, àti ọmọ tí ó ní lọ́kàn láti fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Nígbà tí orí náà wọ ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ wọ ilẹ̀.

Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ìdílé tí kò bá ka òwò rẹ̀ nígbà tí olówò wà láàyè, ọjọ́ ìsìnkú ni wọn yóò kà á, ìjà ni yóò sì jẹ́ akọ̀wé wọn. Ìparí ọdún, nígbà tí gbogbo ọmọ wà nílé, ni àkókò tí ó wọ̀ jù lọ láti kà á ní ìrọ̀rùn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àṣà Òyìnbó ni a kó dé. Àgbẹ̀ tí ó wa iṣu a kọ́kọ́ ya ẹ̀bù sọ́tọ̀ kí ó tó mọ iye tí òun yóò jẹ àti iye tí òun yóò tà, nítorí pé ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀bù rẹ̀ ti jẹ oko ọdún tí ń bọ̀. Ẹ wo àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń kiri aṣọ láti ìletò dé ìletò, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí a sì ń pè ní Òṣómàáló. Orúkọ náà ti inú ìlérí wọn wá, pé òṣó ni àwọn yóò ló títí owó àwọn yóò fi pé. Wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ wọ́n, wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí ó dá. Bákan náà ni àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí òfin ìjọba fi ìdí wọn múlẹ̀ ní ọdún 1935. Nígbà tí àwọn ènìyàn wa fẹ́ fún wọn ní orúkọ, Alájẹṣẹ́kù ni wọ́n sọ wọ́n, èyí tí ó túmọ̀ sí pé a jẹ, ó sì ṣẹ́ kù. Àwọn àgbà sì ti wí i pé àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹni tí kò kà kò lè mọ̀ bóyá èrè ni òun ń jẹ tàbí ojú owó.

Ẹ jẹ́ kí a wá mú iṣẹ́ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin ni wọ́n.

Èkíní ni kí a ka ọjà àti owó. Kí a yan ọjọ́ kan láàárín ọdún Kérésìmesì àti ọdún tuntun, kí a ti ìsọ̀ pa, kí a sì ka gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí ẹnì kan máa kà, kí ẹlòmíràn máa kọ. Ọjà tí ó ti bàjẹ́, kí a kọ ọ́ ní bíbàjẹ́. Èyí tí ó ti ju ọdún kan lọ lórí àtẹ láìtà, kí a sàmì sí i, nítorí pé owó tí ó sùn ni. Lẹ́yìn èyí, kí a ka owó ọwọ́ àti ti báǹkì, kí a ka gbèsè tí ó wà níta, kí a sì yọ gbèsè tí ó wà lọ́rùn wa kúrò.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan tí ń ta aṣọ ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, aṣọ tí ó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ tó ₦2,000,000 ní iye tí à ń rà á lọ́jà lọ́jọ́ náà. Owó ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ₦300,000. Àwọn oníbàárà jẹ ẹ́ ní ₦400,000, òun náà sì jẹ àwọn tí ó ń kó ọjà fún un ní ₦200,000. Bí a bá ro ó pọ̀, tí a yọ gbèsè ọrùn rẹ̀ kúrò, ohun tí ó ní jẹ́ ₦2,500,000. Ní ìparí ọdún, aṣọ tí ó wà nílẹ̀ tó ₦1,900,000 ní iye tí à ń rà á nísinsìnyí. Owó ọwọ́ di ₦900,000, gbèsè ìta di ₦700,000, gbèsè ọrùn sì di ₦600,000. Bí ó bá jẹ́ owó ọwọ́ nìkan ni ìyá yìí wò, yóò wí pé owó òun ti di ìlọ́po mẹ́ta, yóò sì ná an bí olówó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ro ó pọ̀, ₦2,900,000 ni. Nígbà tí a sì yẹ gbèsè ìta wò, a rí i pé ₦250,000 nínú rẹ̀ kò ní olówó mọ́, nítorí pé ẹni kan ti sá lọ, ẹni kejì sì ti kú. Ohun tí ó kù jẹ́ ₦2,650,000. Èrè ₦150,000 ni ó jẹ fún odidi ọdún kan.

Ọ̀rọ̀ kò tíì tán síbẹ̀. Ìdì aṣọ tí ó jẹ́ ₦100,000 ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ti di ₦120,000. Nígbà náà, ₦2,500,000 rẹ̀ lè ra ìdì 25. Nísinsìnyí, ₦2,650,000 kò lè ra ju ìdì 22 lọ. Ó jèrè náírà, ó sì pàdánù ìdì mẹ́ta. Gbogbo wa ni ojú wa rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí owó ilẹ̀ wa: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan ń lọ ní nǹkan bí ₦460 ní báǹkì, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 2024 ó ti wà ní nǹkan bí ₦1,500. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń ka náírà nìkan ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kí alásọ máa ka ìdì, kí oníbúrẹ́dì máa ka àpò ìyẹ̀fun, kí onípákó máa ka igi. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni èyí: ohun tí a ní lónìí, ǹjẹ́ ó lè ra ọjà tó iye tí ó lè rà ní ọdún tí ó kọjá?

Èkejì ni ọ̀rọ̀ gbèsè. A mọ̀ pé ẹni tí ó bá kọ̀ láti tà láwìn ní ìlú kékeré kò ní pẹ́ kí ó tó jókòó ti ọjà rẹ̀. Ará, ọ̀rẹ́ àti àna ni oníbàárà wa. Ṣùgbọ́n gbèsè tí a kò bá kọ sílẹ̀ a máa di ọ̀tá láàárín ará. Ní ìparí ọdún, kí a pín gbèsè ìta sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tí yóò wọlé, èyí tí ó nílò àdéhùn tuntun, àti èyí tí ó ti kú. Ẹni tí ó ní kòkó lóko, oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní ni owó ń wọlé fún un. Òun ni kí a kọ́kọ́ lọ rí, kí owó náà tó gba ibòmíràn lọ. Ẹni tí kò lè san án tán, kí a bá a dá ọjọ́, kí a sì kọ ọ́ níṣojú rẹ̀. Èyí tí ó ti kú, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ìwé, kí a má ṣe máa ka òkú mọ́ alààyè. Bí a bá fẹ́ dárí rẹ̀ ji opó tàbí aláìsàn kan, kí a sọ ọ́ jáde fún un kí ọdún tó yí, kí ọkàn tirẹ̀ náà lè balẹ̀.

Gbèsè ọrùn tiwa gan-an ńkọ́? Ní ìlú Ọ̀sákà ní ilẹ̀ Japáànù, ìdílé kan wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Kongo. Láti ọdún 578 ni ìdílé náà ti ń kọ́ ilé ìsìn, láti ìran dé ìran, fún ohun tí ó ju 1,400 ọdún lọ. Wọn kì í wí pé dandan ni kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ olórí. Bí ọmọ bíbí inú kò bá yẹ, àna tí ó yẹ a gba orúkọ ìdílé, a sì di olórí. Ní ìgbà kan ní ọ̀rúndún ogún, opó ọ̀kan nínú àwọn olórí náà ni ó di ilé-iṣẹ́ mú. Síbẹ̀, ní ọdún 2006, ilé-iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, nítorí gbèsè tí ó wọ̀ nígbà tí iye ilẹ̀ ń gòkè ní orílẹ̀-èdè wọn, tí iye náà sì wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí gbèsè bá lè wó ohun tí ó ti dúró fún 1,400 ọdún, kí ni a ó wí nípa ìsọ̀ tí a ṣí ní ogún ọdún sẹ́yìn? Kí olórí ilé má ṣe fi gbèsè pamọ́ fún aya àti ọmọ. Gbèsè tí wọn kò mọ̀ ni yóò ká wọn mọ́ ibi òkú.

Ẹ̀kẹta ni kí a ya àpò òwò kúrò lára àpò ilé. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, àpò kan ni a fi ń ra ọjà, òun náà ni a fi ń san owó ilé-ìwé, òun ni a fi ń ra aṣọ ẹbí, òun ni a sì fi ń ṣe òkú àna. Ìyá a bu ìrẹsì láti inú ìsọ̀ lọ sí ìdáná, ọmọ a mú wàrà, àbúrò a gba owó mọ́tò, kò sì sí èyí tí a kọ nínú gbogbo rẹ̀. A kò wí pé kí ilé má jẹ nínú òwò. Kí ni a ṣe ń ṣòwò bí kò ṣe kí ilé lè jẹun? Ohun tí à ń wí ni pé kí olówò dá iye owó kan fún ara rẹ̀ lóṣooṣù gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, kí ó sì máa kọ ohunkóhun tí ó bá mú lé e. Ní ìparí ọdún, yóò rí i bóyá òwò ni ó ń bọ́ ilé, tàbí ilé ni ó ń jẹ òwò.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tí ń bá òbí ṣiṣẹ́ wà nínú èyí. Ọmọ kan yóò dúró ti bàbá rẹ̀ ní ilé búrẹ́dì láti ìgbà tí ó ti jáde ìwé mẹ́wàá. Òun ni ó ń jí ní aago mẹ́ta òru, òun ni ó mọ ibi tí iná ti ń jó jù. Bí ó bá béèrè owó, wọn a ní, “Ìwọ náà kọ́ ni o ni gbogbo rẹ̀?” Àwọn àbúrò rẹ̀ lọ sí yunifásítì pẹ̀lú owó búrẹ́dì náà, wọ́n sì di ẹni ńlá, èyí tí ó yẹ kí a dúpẹ́ fún. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí bàbá bá kú, “ìwọ ni o ni gbogbo rẹ̀” kì í ṣe ìwé, kò sì sí ilé-ẹjọ́ tí yóò gbé e ka orí tábìlì. Nítorí náà, kí a máa san owó iṣẹ́ fún ọmọ tí ń ṣiṣẹ́. Bí agbára kò bá tíì ká a, kí a kọ iye tí a jẹ ẹ́ sílẹ̀, tàbí kí a fún un ní ìpín nínú iṣẹ́ náà, kí gbogbo ilé sì gbọ́. Kí a ṣe bákan náà fún ọmọ iṣẹ́ tí ọdún rẹ̀ pé. Kí a má ṣe dá ìgbòmìnira rẹ̀ dúró nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ dá.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù lọ, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ. Kí olówò sọ ẹni tí ó ni òwò náà, kí ó sì sọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé òun.

Gbogbo wa mọ ọ̀nà méjì tí a fi ń pín ogún nílẹ̀ Yorùbá. Ìdí-igi ni ti àkọ́kọ́: iye aya tí ó bímọ ni iye ìpín. Orí-ò-jorí ni èkejì: iye ọmọ ni iye ìpín. Ọ̀ràn kan wà tí ó ti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Suberu Dawodu kú láìṣe ìwé ìhágún, ó fi aya 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Adájọ́ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀ràn náà ní kí a pín in ní orí-ò-jorí. Ní ọdún 1958, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Àpapọ̀ ní ìdí-igi ni àṣà wa. Ní ọdún 1962, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù fi ọwọ́ sí ìdájọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí èyí lè ṣe sí òwò. Bí bàbá kan bá ní aya méjì, tí ọ̀kan bí ọmọ kan, tí èkejì sì bí ọmọ márùn-ún, lábẹ́ ìdí-igi ọmọ kan yìí ni yóò gba ìdajì, àwọn márùn-ún yóò pín ìdajì tí ó kù. Lábẹ́ orí-ò-jorí, olúkúlùkù yóò gba ìdá kan nínú mẹ́fà. A kò bá àṣà jà, ẹ̀rí ìfẹ́ ni láti má ṣe fi ọmọ kankan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé nínú ọ̀nà méjèèjì, kò sí èyí tí ó béèrè ọmọ tí ń jí ní aago mẹ́ta òru. Bẹ́ẹ̀ ni àṣà wa kò ka aya mọ́ ajogún ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti ọkọ ni wọ́n jọ fi igbá bẹ̀rẹ̀ òwò náà. Ilẹ̀ ṣe é gé, owó ṣe é kà, ṣùgbọ́n ààrò búrẹ́dì kan kò ṣe é gé sí mẹ́fà. Bí a bá gé e, kò sí ẹni tí yóò jẹ búrẹ́dì mọ́.

Kí ni ọ̀nà àbáyọ? Èkíní, ìwé ìhágún, èyí tí a ń pè ní wíìlì. Kí a lọ bá agbẹjọ́rò, kí a kọ ọ́ nígbà tí ara le. Ẹlẹ́rìí méjì gbọdọ̀ wà níbẹ̀ papọ̀ nígbà tí olówò bá ń fọwọ́ sí i, ẹni tí a sì fún ní nǹkan nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí, kí ohun tí a fún un má baà bọ́. Ẹni tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kí ó lọ bá àwọn àáfà tí wọ́n mọ òfin ogún, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́ta ohun ìní rẹ̀ ni ó lè yàn fún ẹni tí kì í ṣe ajogún, ìyókù ti ní olówó nínú òfin náà. Èkejì, kí a wo irú ìwé tí òwò náà ní. Ìsọ̀ tí a kàn fi orúkọ òwò sílẹ̀ fún kò yàtọ̀ sí olówò, ohun ìní rẹ̀ ni, yóò sì bọ́ sínú ogún pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́ńpìnnì jẹ́ ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. Olówò lè kú, kọ́ńpìnnì kì í bá a kú. Ìpín inú rẹ̀ ni àwọn ọmọ yóò jogún, wọn kò ní gé ẹ̀rọ. Ọmọ mẹ́fà lè ní ìpín, kí ọ̀kan tí ó mọ iṣẹ́ sì jẹ́ olùdarí, kí gbogbo wọn jọ máa jẹ èrè. Láti ìgbà tí òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020 ti dé, ẹnì kan ṣoṣo pàápàá lè dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀. Kí a sì rántí pé ọdọọdún ni a gbọdọ̀ fi ìròyìn ránṣẹ́ sí àjọ CAC, bóyá orúkọ òwò ni tàbí kọ́ńpìnnì.

A ní láti fi ọ̀rọ̀ báǹkì kún un. Owó tí ó wà ní orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, báǹkì yóò tì í pa bí ó bá gbọ́ pé ẹni náà kú, kò sì ní ṣí i títí a ó fi gba ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́. Ní gbogbo ìgbà náà, ta ni yóò ra ìyẹ̀fun? Ọ̀pọ̀ òwò ni kò kú ikú mìíràn ju èyí lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ owó-orí. Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti ọdún 2025 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026. Ẹni tí ó ní ìwé ìṣirò yóò lè fi ìwé bá àwọn agbowó-orí sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò ní yóò gba ohun tí wọ́n bá wí.

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń wí nínú ọkàn yín pé, “Ṣé kí n ka ohun ìní mi sí ọmọ létí ni, kí wọ́n lè máa retí ikú mi?” Ìbẹ̀rù yìí kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ayé le, ilé sì ní ìjà tirẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn ọbàkan kò ti gbọ́ra wọn yé. Ìdáhùn wa ni pé kò sí ẹni tí ó ní kí a sọ iye owó tí ó wà ní báǹkì fún ọmọdé. Ohun mẹ́ta ni gbogbo ilé gbọ́dọ̀ mọ̀: pé ìṣirò wà, ibi tí ìwé rẹ̀ wà, àti ẹni tí a fi iṣẹ́ lé lọ́wọ́. Ìyókù, kí ó wà láàárín olówò, aya rẹ̀, ẹni tí yóò tẹ̀ lé e, àti agbẹjọ́rò. Ní ti pé sísọ̀rọ̀ ogún ń pe ikú, ẹ wo yíká yín: àwọn tí kò sọ ọ́ náà ń kú. Ohun kan ṣoṣo tí ìdákẹ́jẹ́ wọn pa mọ́ láàyè ni ìjà.

Báwo ni a ó ti ṣe ìpàdé náà? Kí a má ṣe é ní ọjọ́ tí àlejò pọ̀, kí a má sì ṣe é lẹ́yìn ìjà. Kí a fi àdúrà bẹ̀rẹ̀. Kí ẹni tí ó wà ní ìdí iṣẹ́ kọ́kọ́ ròyìn, kí àwọn tí ó wà ní ìdálẹ̀ sì gbọ́ ọ tán kí wọ́n tó dá sí i, nítorí pé ẹni tí bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á. Kí a fún ọmọbìnrin láàyè láti sọ̀rọ̀, kí a má ṣe wí pé ó ti lọ sílé ọkọ. Kí àbúrò má ṣe gbójú sókè sí ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kí ẹ̀gbọ́n má ṣe fi ọjọ́ orí pa ìbéèrè mọ́ àbúrò lẹ́nu. Bí ọmọ kan bá wí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, iṣẹ́ yìí kò wù mí,” kí bàbá má ṣe gbé e ṣépè. Ó sàn kí ó gbọ́ ọ lónìí ju kí ó fi iṣẹ́ lé ẹni tí yóò tà á lọ́wọ́. Kí a kọ gbogbo ìpinnu sínú ìwé kan, kí gbogbo àgbà tí ó wà níbẹ̀ fọwọ́ sí i, kí a sì kà á sókè ní ọdún tí ń bọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ìpàdé tí kò bá ka ìwé ti èṣí, ìtàkúrọ̀sọ ni.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa fi kún un pé ọmọ tí a kọ́, tí a kò fi ìwé òwò hàn, kò ní ohun mìíràn tí yóò ṣe ju kí ó tà lọ. Ìlú wa kò ní ilé-iṣẹ́ ìjọba púpọ̀. Iṣẹ́ tí bàbá dá sílẹ̀, tí ìyá fi orí rù, ni ó ń gba àwọn ọ̀dọ́ wa síṣẹ́, òun ni ó sì ń san owó tí ẹgbẹ́ yìí fi ń tún ọ̀nà àti ilé ìwé ṣe. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá tì pa lẹ́yìn ìsìnkú, ìlú ni ó pàdánù rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a ń bẹ ẹgbẹ́ ni pé kí olúkúlùkù ìdílé oníṣòwò tí ó wà níhìn-ín dá ọjọ́ kan kí àwọn ọmọ tó padà sí ìdálẹ̀, kí wọ́n sì ṣe ohun mẹ́rin yìí: kí wọ́n ka ọjà, kí wọ́n yanjú gbèsè, kí wọ́n ya àpò, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tí yóò tẹ̀ lé wọn. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá ṣeé ṣe ní ọdún yìí, kí wọ́n ka ọjà nìkan. Ìwé àkọsílẹ̀ olójú ewé kan sàn ju òfo lọ.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọdún tuntun yabo fún wa, kí ó jẹ́ kí àwọn tí ó dá iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ́ láyé láti rí i bí ó ti ń dàgbà lọ́wọ́ ọmọ. Àṣèyí ṣàmọ́dún o.